Bí A Ṣe Ń Gbẹ́ Ère Mábù Psyche àti Cupid

Ẹni tó bá ti gbẹ́ ère ẹnì kan ṣoṣo rí lè rò pé iṣẹ́ méjì péré ló wà nínú ère olólùfẹ́ méjì. Iṣẹ́ kẹta wà níbẹ̀: àlàfo tó wà láàárín wọn. Ibẹ̀ ni òkúta ti ń ṣẹ́, ibẹ̀ náà sì ni ojú òǹwòran máa ń kọ́kọ́ lọ. Ìlànà yìí wà fún ẹni tó ti mọ ṣísẹ́lì lò, tó sì fẹ́ gbẹ́ Psyche àti Cupid ti Antonio Canova, agbẹ́rẹ ará Ítálì, ní ìdá-mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìtàn náà, torí òun ló sọ ibi tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan wà. Apuleius ló kọ ọ́ ní èdè Látìn ní ọ̀rúndún kejì. Psyche lẹ́wà débi pé Venus, òrìṣà ẹwà àwọn ará Róòmù, ń jowú rẹ̀. Cupid, òrìṣà ìfẹ́ tó jẹ́ ọmọ Venus, ti fẹ́ ọmọbìnrin náà ní bòókẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ sì ti dàrú láàárín wọn. Venus wá rán Psyche lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀, níbi tí àwọn òkú wà, pé kó gba ẹwà díẹ̀ wá lọ́wọ́ Proserpina, ayaba ibẹ̀. Wọ́n ní kó má ṣí ohun tí wọ́n dì fún un. Ó ṣí i. Oorun tó jọ ikú ló wà nínú rẹ̀, ó sì gbé e lulẹ̀. Cupid fò dé, ó nu oorun náà kúrò lára rẹ̀, ó fi ṣóńṣó ọfà gún un díẹ̀, Psyche sì jí. Bó ṣe ń jí yẹn ni Canova mú. Ìdí nìyẹn tí ìkòkò kékeré fi wà lẹ́yìn Psyche, tí apó ọfà sì wà lára Cupid. Ẹni tó bá fò wọ́n dá nítorí pé wọ́n kéré ti yọ ìtàn kúrò nínú ère.

John Campbell, tó padà di Lord Cawdor, ló gbé iṣẹ́ náà fún Canova ní 1787. Ó parí ní 1793. Láti 1824 ló ti wà ní Louvre, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ní Paris, ẹ̀dà kejì sì wà ní Hermitage, irú ilé bẹ́ẹ̀ ní St Petersburg. Ọdún mẹ́fà gbáko, pẹ̀lú àwọn ọmọṣẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú.

Wíwò kí a tó fọwọ́ kan òkúta

Tí ẹ bá dúró níwájú ère náà, ẹ ó rí i pé ìyẹ́-apá Cupid, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó nà sẹ́yìn àti ara Psyche tó sùn sílẹ̀ dábùú ara wọn bí igi méjì tí a fi kọ́ àgbélébùú tó dagun. Níbi tí wọ́n ti pàdé, apá Psyche méjèèjì ká orí Cupid mọ́ bí òrùka. Ètè wọn kò tíì kan ara. Àlàfo bíńtín yẹn ló gbé gbogbo ère dúró. Tí ẹ bá pa á dé, ẹ ti di àwọn méjèèjì pọ̀ di òkúta kan.

Àwòrán iwájú nìkan kò tó. Canova ṣe ère yìí kí wọ́n lè yí i wò: irin ìdìmú kan wà lára ìdí rẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ Psyche. Ẹ wá àwòrán 24 tí wọ́n yà yípo ère, kí ìyàtọ̀ èyí sí èyí jẹ́ dígírì 15. Èyí tí ẹ ó máa padà sí jù ni ẹ̀yìn Cupid, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ti ń fi àròsọ gbẹ́ ère.

Ìwọ̀n àti òkúta

Ère Louvre ga ní sẹ̀ǹtímítà 155, ó fẹ̀ ní 168, ó sì jìn ní 101. Ìdá-mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 52, 56 àti 34. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 3 kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ra òkúta 58 × 62 × 40. Mábù tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan ń wọ̀n nǹkan bíi 2,700 kílò, nítorí náà tiyín á tó 390 kílò. Ẹ̀rọ ṣéènì ìgbẹ́rù ni ẹ ó fi gbé e. Tí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ ìyẹ́-apá láti òkúta ọ̀tọ̀, bí mo ṣe máa dábàá nísàlẹ̀, ẹ wọn àwòṣe yín dé àtàrí Cupid nìkan. Gbogbo òkúta tó yẹ kó wà lókè ibẹ̀ ti di èrè yín.

Ẹ má ṣe kéré ju ìdá-mẹ́ta lọ. Ìka ọwọ́ tó nípọn ní mìlímítà 15 lára ère gidi á di 5 níbí. Tí ẹ bá sọ ọ́ di ìdá-mẹ́rin, ìka náà kò ní tó 4, fáìlì lásán lè ṣẹ́ ẹ.

Mábù funfun láti Carrara ní Ítálì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní statuario, ló yẹ iṣẹ́ yìí, torí hóró rẹ̀ kúnná, ó sì dọ́gba. Mábù tí hóró rẹ̀ tóbi bí iyọ̀ kò ní gba ìpéǹpéjú. Ẹ da omi sí gbogbo ara òkúta, kí ẹ jókòó tì í títí yóò fi gbẹ. Ìlà tó bá ṣì tutù nígbà tí ibi yòókù ti gbẹ, ojú sísán ni, omi ló wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé òkúta náà lé igi méjì, kí ẹ fi òòlù kékeré kàn án. Tó bá dún bí agogo, ó yè. Tó bá dún bí ìkòkò tó ti sán, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, bó ti wù kó funfun tó.

Ẹ béèrè bí òkúta náà ṣe sùn nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó wà á. Mábù ní ìlà bíi ti pákó, ó sì máa ń yára là sí ibi tí ìlà náà bá lọ. Ẹ yí i kí apá Psyche lè gùn bá ìlà náà lọ. Tí apá bá dábùú ìlà, ibi ọrùn ọwọ́ ni yóò ti dá.

Amọ̀, lẹ́yìn náà píọ́pì

Canova a máa fi amọ̀ ṣe ère kékeré, a wá fi amọ̀ ṣe èyí tó tóbi tó ère gidi, a sì dà á sí píọ́pì, kí àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé òkúta. Ẹ tọ ọ̀nà kan náà. Kílò 60 amọ̀ tó fún ìwọ̀n yìí. Ẹ gbé ọ̀pá irin mìlímítà 10 dúró láti inú àpáta tí Psyche sùn lé, kó gba ìbàdí Cupid lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Fún apá kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ́ wáyà alumíníọ̀mù mìlímítà 3 méjì pọ̀. Ẹ so ẹ̀là igi kéékèèké tí ẹ gbé dábùú ara wọn kọ́ sára wáyà, torí amọ̀ tútù máa ń yọ̀ bọ́ lára irin nígbà tí ẹ bá ti lọ sùn. Aṣọ tútù lórí rẹ̀, ọ̀rá lórí aṣọ, lálaalẹ́.

Àwòṣe amọ̀ ni ẹ ti ń pinnu àlàfo. Ẹ ti ìka yín bọ àárín ojú méjèèjì, àárín apá Psyche àti etí Cupid, abẹ́ ìgúnpá. Ibi tí ohun èlò yín kò bá lè dé lára amọ̀, kò ní dé lára òkúta. Lórí amọ̀ lẹ ti lè gbé ìgúnpá sókè díẹ̀ kí ọ̀nà lè wà. Òkúta kò gba irú ìyẹn.

Tí amọ̀ bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ po píọ́pì: omi lítà 1 sí píọ́pì kílò 1.5. Píọ́pì ni à ń bu sínú omi. Tí ẹ bá da omi lé píọ́pì, kókó á kún inú rẹ̀. Ẹ fi àwọ̀ sí ìpele àkọ́kọ́ tí ẹ ó dà bo amọ̀ láti fi ṣe mọ́ọ̀dù, kó nípọn ní mìlímítà 5, kí ẹ wá fi píọ́pì funfun bò ó títí yóò fi tó sẹ̀ǹtímítà 3. Ẹ yọ amọ̀ kúrò, ẹ fọ inú mọ́ọ̀dù náà, ẹ fi ọṣẹ olómi kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ wá da píọ́pì ère sínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń fọ́ mọ́ọ̀dù náà dànù, ìpele aláwọ̀ yẹn ló máa kìlọ̀ fún yín pé ẹ ti súnmọ́ ara ère. Ọṣẹ tí ẹ kò bá kùn dáadáa ló ń jẹ́ kí imú bá mọ́ọ̀dù lọ.

Bí a ṣe ń gbé ìwọ̀n láti ara píọ́pì sára òkúta

Lórí àwọn àwòṣe píọ́pì tó wà ní Possagno, ìlú tí wọ́n bí Canova sí ní 1757, ìṣó kéékèèké ṣì wà káàkiri ara ère. Ojú ìwọ̀n ni wọ́n. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni à ń lò báyìí, macchinetta lorúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn ará Ítálì: ó ń jókòó lórí ojú mẹ́ta tí kì í yẹ̀, méjì ní ìdí ère, ọ̀kan lókè. Abẹ́rẹ́ gígùn kan wà lára rẹ̀ tó ń wọlé tó ń jáde. Ẹ jẹ́ kí ẹnu abẹ́rẹ́ kan ìṣó lára píọ́pì, ẹ dè é, ẹ fà á sẹ́yìn, ẹ gbé gbogbo irin náà lọ sí ojú mẹ́ta kan náà lára òkúta. Ẹ ó gé òkúta, tàbí ẹ ó lu ihò, títí abẹ́rẹ́ náà yóò fi lè wọlé dé ibi tí ẹ ti dè é.

Ẹ dúró nígbà tó bá ku mìlímítà 3. Mìlímítà mẹ́ta yẹn ni owó tí ẹ fi pamọ́ fún àṣìṣe. Lórí ẹ̀yìn, itan àti àpáta, ojú ìwọ̀n kan fún sẹ̀ǹtímítà 3 tó. Lórí ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ra tó sẹ̀ǹtímítà 1. Bí ojú mẹ́ta ìpìlẹ̀ bá sún ní mìlímítà 1 péré, gbogbo ère á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ wọn àwọn ojú náà ní àràárọ̀ kí ẹ tó mú ohunkóhun. Fún ìdí yìí, ẹ má ṣe fi wọ́n sí ibi tí ẹ ó gé dànù láìpẹ́.

Gígé

Ìbòmú tó ń sẹ́ eruku kúnná, awò ojú, ohun ìdíwọ́ etí. Ẹ máa wọ́n omi sí ibi tí ẹ̀rọ bá ti ń gé. Eruku mábù kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, ó sì tún ń jẹ́ kí ojú àṣìṣe farapamọ́.

Òòlù kílò 1 àti ṣísẹ́lì olójú ṣóńṣó ni ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ṣísẹ́lì náà dagun, kó máa ju ìpáàpá sọnù. Ẹni tó bá gbé e dúró gangan ń lu agbára sínú òkúta: hóró rẹ̀ á fọ́ sínú lọ́hùn-ún, àmì funfun á sì yọ jáde nígbà tí ẹ bá ń dán an, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Psyche tàbí níbi tí ẹ kò ní lè gé mọ́. Àmì yìí lè jìn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Nítorí náà, ṣísẹ́lì ṣóńṣó gbọ́dọ̀ kúrò nígbà tó bá ku sẹ̀ǹtímítà 1 sí ojú ara. Ṣísẹ́lì eléyín ló kàn, pẹ̀lú òòlù 500 gíráàmù, títí tó fi ku mìlímítà 3. Ṣísẹ́lì pẹlẹbẹ àti òòlù 300 gíráàmù ló máa gbé yín dé mìlímítà 1. Ìyókù di ti fáìlì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè, kí ẹ máa bọ̀ nísàlẹ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ tín-ínrín àpáta ìsàlẹ̀, gbogbo òòlù tí ẹ bá lù lókè yóò máa gbọn ère náà bí ẹ̀ka igi.

Àwọn afárá

Ohun tó pín agbẹ́kùúta sí méjì rèé. Mábù lè gbé ẹrù tí ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìmì, àmọ́ tí ẹ bá fà á tàbí tí ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kọ, á dá lójijì. Apá Psyche tó nà sókè, tó nípọn bí ìka ẹsẹ̀ ńlá, kò sì sí ohun tó dì í mú níwájú, kò ní farada òòlù. A máa ń fi òkúta tí a kò gé sílẹ̀ láàárín ibi méjì, kó dà bí afárá, kí wọ́n lè máa di ara wọn mú.

Ẹ fi ó kéré tán mẹ́fà sílẹ̀: láàárín apá Psyche kọ̀ọ̀kan àti irun Cupid; láàárín ìgúnpá kan àti èjìká rẹ̀; láàárín àgbọ̀n méjèèjì; lábẹ́ ẹsẹ̀ Cupid tó nà sẹ́yìn; láàárín ìka ọwọ́ rẹ̀ àti ọmú Psyche, kí ìka náà má bàa dá wà. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1 sí 1.5. Afárá tó tín-ín jù ń fọ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ó sì ń bá awẹ́ apá lọ.

Láti ṣí àlàfo náà, ẹ fi dírílì lu ihò mìlímítà 6 tò lẹ́sẹẹsẹ láti iwájú, kí ẹ dúró ní ìdajì, kí ẹ wá parí rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá lù ú já láti ẹ̀gbẹ́ kan, ibi tó ti máa jáde á fọ́ bí àwo. Ẹ rí i pé ẹ pa ìlù dírílì, kó máa yí nìkan. Ẹ fi fáìlì róbótó so àwọn ihò náà pọ̀.

Nígbà tí gbogbo ara bá ti parí, tó ku dídán, ni afárá ń lọ. Ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ onídáyámọ́ńdì ni kí ẹ fi gé wọn, pẹ̀lú omi, kí ẹnì kejì di apá náà mú pẹ̀lú aṣọ. Ti àgbọ̀n ló kẹ́yìn. Láti ìgbà tí ẹ bá ti gé afárá kan, òòlù kò gbọdọ̀ kan ibẹ̀ mọ́ láé.

Ètè méjèèjì kò gba ju mìlímítà 3 sí 4 lọ láàárín. Ẹ gé aṣọ sáńpépà ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ kì í bọ àlàfo náà, kí ẹ máa fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń fi kànrìnkàn gígùn fọ ẹ̀yìn. Ọjọ́ kan gbáko fún ibẹ̀ kò pọ̀ jù.

Ìyẹ́-apá

Ìyẹ́-apá láti inú odidi òkúta kan náà jẹ́ ìgbéraga tó gbówó lórí. Ẹ gé e láti pákó mábù tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 3, láti ibì kan náà tí òkúta ńlá ti wá, kí àwọ̀ wọn má bàa yàtọ̀. Ẹ gbẹ́ ojú kan parí, ẹ tẹ́ ẹ dojú dé inú yanrìn tútù, kí ẹ tó gbẹ́ ẹ̀yìn. Ìdí rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 12, etí rẹ̀ ní 5. Ẹ gbé iná sí ẹ̀yìn rẹ̀ nínú òkùnkùn: ibi tó bá ṣú ju ibi yòókù lọ ló ṣì nípọn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ wá yìí ló ń sọ òkúta di ìyẹ́.

Ẹ fi ọ̀pá irin tí kì í dóògún, mìlímítà 6, tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 6, so ó mọ́ ẹ̀yìn Cupid pẹ̀lú gọ́ọ̀mù epoxy: ìdajì nínú ìyẹ́, ìdajì nínú ẹ̀yìn. Irin lásán máa ń wú tó bá dóògún, á la mábù sí méjì láti inú, á sì fi àwọ̀ pupa rú sí ojú rẹ̀. Irin inú ara ti ba ère àtijọ́ tó pọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Dídán

Omi àti sáńpépà: 120, 220, 400, 600, 800. Ẹ má ṣe fo nọ́ńbà kankan. Ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ẹ yí ibi tí ọwọ́ ń lọ padà, kí ìlà tuntun dábùú ti tẹ́lẹ̀. Tí ìlà àtijọ́ bá ti pòórá tán, ẹ lè kọjá. Ìlà 120 tí ẹ fi sílẹ̀ ò ní hàn ní 220, á dúró de yín títí di 800.

Gbogbo ère kò gbọdọ̀ dán bákan náà. Awọ ara nìkan ló dé 800. Aṣọ ìbàdí Psyche dúró ní 400, irun ní 220, kí àpáta sì gbé ojú ṣísẹ́lì eléyín rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Awọ ara kò ní rọ̀ lójú òǹwòran bí kò bá sí ohun líle lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ yẹra fún ìpara ìdán ilẹ̀ tó ní ásíìdì nínú: ó ń jẹ mábù, ó sì máa jẹ ìpéǹpéjú tán kí ẹ tó mọ̀. Ọtí kíkan àti ọsàn wẹ́wẹ́ wà nínú ẹgbẹ́ yẹn.

Canova a máa fi ìda pa ère lójú, kí funfun rẹ̀ má bàa tutù jù. Ẹ fi ìda oyin díẹ̀ sí aṣọ rírọ̀, ẹ pa á tẹ́ẹ́rẹ́ sí awọ ara, ẹ nù ún lẹ́yìn wákàtí kan. Tó bá pọ̀, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì pọ́n láàárín ọdún díẹ̀.

Tí nǹkan bá ṣẹ́, ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan ojú ibi tó ti ṣẹ́, ẹ má sì gbìyànjú láti fi í bọ ara rẹ̀ wò léraléra. Hóró etí rẹ̀ á máa jábọ́, ìlà á sì hàn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, ẹ po epoxy tó hàn gaara, ẹ fi í lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ dì í pẹ̀lú ọ̀já rọ́bà fún wákàtí 24. Ìka kì í nílò irin. Ọrùn ọwọ́ nílò ọ̀pá mìlímítà 3.

Ẹ gbé ère náà lé tábìlì oníyíyí tó lè ru 200 kílò, kí ojú Cupid ga tó àyà ẹni tó dúró. Iná kan ṣoṣo láti ẹ̀gbẹ́ òkè. Ẹ pa èyí tó kù, ẹ wá máa yí tábìlì náà pẹ̀lẹ́: ibi tí òjìji apá Psyche bá ti bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Cupid, tí àlàfo àárín ètè wọn sì ṣì ń gba ìmọ́lẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ni kí ẹ dá a dúró sí.